Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò àti kẹ́ẹ̀gì

Télọ̀ Òkè Baálẹ̀

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Yàrá méjì la gbà ní Òkè Baálẹ̀ níbí, lándílọ́ọ̀dù ti da kọnkéré sí gbogbo àyíká ilé, kò sí ibi téèyàn lè fi ọkọ́ kàn, àfi ẹ̀yìn balùwẹ̀ tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ títí di bí agogo mẹ́ta, kọnkéré náà sì ni. Owó ẹ̀fọ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn. Láti oṣù kejìlá títí di ìsìnyí tí a wà nínú oṣù kẹta, ìdì tẹ̀tẹ̀ tí mò ń rà ní Ọjà Ọba ò kún ọwọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà la wà nínú ilé.

Ohun tí mo ní nílẹ̀ nìyí: àpò ìrẹsì mẹ́fà, kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 méjì tó ti ń jò, táyà mọ́tò kan, ike ọ̀dà mẹ́rin tí àwọn tó kun ilé fi sílẹ̀, àti náílọ̀n omi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń mu tán tí wọ́n ń jù sílẹ̀, ìyẹn ò lóǹkà. Mi ò lówó tí mo fẹ́ fi ra ìkòkò òdòdó. Lọ́dún tó kọjá mo gbìyànjú ẹ̀, mo lọ bu ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, mo rọ ọ́ sínú àpò, mo fọ́n irúgbìn ewédú sí i, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mẹ́ta péré ló hù, ilẹ̀ yẹn wá gan bíi bíríkì. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìyá Ewédú

Kú iṣẹ́ ọmọ mi. Nǹkan méjì ló fà á. Ilẹ̀ ìpìlẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni, kò lóúnjẹ nínú, amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gan. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, níbi tí ewé ti ń já tó ń jẹrà, òun ni kó o wá, bóyá ìdí máńgòrò tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹnì kan, tọrọ lọ́wọ́ onílé kó o tó bù ú, má sì gbẹ́ ẹ jìn ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ torí tó o bá ti kọjá ibẹ̀ ilẹ̀ pupa yẹn náà lo tún máa bá.

Ti ewédú, kò kú o, oorun ló ń sùn. Èèpo irúgbìn ẹ̀ le, omi kì í ráyè wọlé, a gbọ́dọ̀ jí i. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa di irúgbìn náà sínú aṣọ tín-ín-rín, ègé láínììnì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ dáa fún un, mo máa fi okùn gígùn so ó. Mo gbé omi kaná, tó bá ti hó mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ri aṣọ yẹn bọ inú ẹ̀, mo ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, mo fà á jáde, mo sọ ọ́ sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá ti sè kò lè hù mọ́. Kó o wá tẹ́ ẹ sórí bébà lábẹ́ ibòji kí omi ara ẹ̀ gbẹ. Irúgbìn ewédú kéré púpọ̀, tó o bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, gbogbo ẹ̀ á ṣùjọ sójú kan, nítorí náà pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, ṣíbí irúgbìn kan sí ẹ̀kúnwọ́ yanrìn méjì, kó o tó fọ́n ọn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin ìkarùn-ún wàá rí i tó ń yọjú.

Tíṣà Àgíríìkì

Màmá ti sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, gbòǹgbò wọn ò jìn, ilẹ̀ tó bá jìn tó ínṣì 8 ti tó wọn, ìwọ̀n tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka kékeré tẹ́ ẹ bá la ọwọ́ yín tán nìyẹn. Ata, ìkan, tòmátì àti ilá ń fẹ́ tó ínṣì 12. Fún ìdí èyí, ẹ má rọ ilẹ̀ kún àpò ìrẹsì fún ẹ̀fọ́, ẹ ṣẹ́ ẹnu àpò náà sí ìta títí táá fi dé ìdajì, ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa wá á dín kù, àpò náà ò sì ní ṣubú. Ẹ ṣẹ́ igun rẹ̀ méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ sínú kó lè jókòó dáadáa.

Kẹ́ẹ̀gì òróró, ẹ má gé orí ẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹ dà á dùbúlẹ̀, kí ẹ gé ikùn ẹ̀ tó kọjú sókè kúrò, ó máa dà bí ọpọ́n gígùn, ẹ̀fọ́ tó máa gbà á pọ̀ ju ti ìdúró lọ. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òróró inú ẹ̀ kúrò. Ẹ fi ìṣó sínú iná kó pọ́n, kí ẹ fi lu ihò bíi mẹ́jọ sísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá ti fi rọ oògùn apakòkòrò, ásíìdì tàbí bẹntiróò, kódà kí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà ogún, ẹ má gbin ohun jíjẹ sí i. Ike ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tó mọ́ ṣáká, ó dáa fún ata. Ọ̀dà olóròóró tó ń dán, ẹ fi òdòdó sí ìyẹn.

Ilẹ̀ ní tiẹ̀, ìlànà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni ilẹ̀ dúdú bókẹ́ẹ̀tì 3, ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù tó ti jẹrà bókẹ́ẹ̀tì 2, yanrìn odò bókẹ́ẹ̀tì 1. Yanrìn yẹn ni kò ní jẹ́ kó gan.

Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa táyà sà. Èmi gbin ewúro sínú táyà, ó ti tó ọdún mẹ́rin, a ń jẹ ẹ́, kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Tíṣà Àgíríìkì

Ẹ kú iṣẹ́ màmá. Mi ò ní bá yín jà o, àmọ́ rọ́bà táyà ní síńkì àti oríṣiríṣi kẹ́míkà nínú, tó bá ń pẹ́ tí oòrùn àti òjò ń lù ú, ó máa ń já díẹ̀díẹ̀ sínú ilẹ̀. Ó tún máa ń gbóná lọ́sàn-án débi pé gbòǹgbò tó bá fara kàn án á jó. Bí mo bá ní àpò àti kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀, mi ò ní fi táyà gbin ohun tí àwọn ọmọ mi máa jẹ. Kí arábìnrin wa fi táyà yẹn gbé dúrọ́ọ̀mù omi dúró.

Bàbá Sọ́míìlì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Eruku pákó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé torí lójoojúmọ́ làwọn èèyàn ń wá kó o lọ́wọ́ wa fún ẹ̀fọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má kó o ní tútù pò mọ́ ilẹ̀ o. Tí eruku pákó tuntun bá ń jẹrà nínú ilẹ̀, oúnjẹ tó yẹ kí ẹ̀fọ́ jẹ lòun náà ń jẹ, ewé á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ó máa rò pé omi ni ò tó.

Ohun tó dáa jù ni kí ẹ lọ bá àwọn olóko adìẹ. Eruku pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún adìẹ, tí ìgbẹ́ ti pò mọ́ ọn, ẹni tó máa bá wọn kó o kúrò ni wọ́n ń wá. Ẹ kó o jọ sí igun kan, ẹ bu omi wọ́n ọn, ẹ fi tapólì tó ti ya tàbí àpò sìmẹ́ǹtì bò ó, ẹ máa yí i po lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa gbóná gan-an, ẹ má bẹ̀rù, ìgbóná yẹn ló ń pa irúgbìn koríko àti kòkòrò inú ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti pé ni pé mo máa ki irin gígùn kan bọ àárín ẹ̀, mo fi í síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fà á yọ, mo fọwọ́ kàn án. Tó bá ṣì gbóná ẹ fi sílẹ̀. Tí irin bá jáde ní tútù, tí nǹkan yẹn ti dúdú tí kò rùn mọ́, tó ń gbóòórùn bí ilẹ̀ ìdí igi lẹ́yìn òjò, ó ti tó lò. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ò lè ní sùúrù fún un ni ìgbẹ́ adìẹ ń jó ẹ̀fọ́ wọn.

Télọ̀ Òkè Baálẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti lọ kó ti olóko adìẹ kan, àpò méjì, mo sì ti bò ó. Ìbéèrè mi tó kù: omi. Kànga wa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aládùúgbò mi kan, iṣẹ́ aró ló ń ṣe, ó ní kí n wá máa gbe omi tó fi ń ṣan aṣọ, ó pọ̀ gan-an. Àbí kí n máa lọ pọn ti odò?

Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n mi ẹ má ṣe é! Iṣẹ́ aró ni iṣẹ́ tiwa, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Láyé àwọn ìyá wa, omi eérú ni wọ́n ń fi rẹ èlú, ṣùgbọ́n ní báyìí kọ́sítíkì àti kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, omi tí a fi ṣan aṣọ ṣì ń gbé e jáde. Lọ́dún kan tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, mo ní ilá mọ́kànlá nínú àpò, wọ́n ti ń tanná, mo bu omi ìṣan ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí wọn lálẹ́, mo rò pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta etí ewé wọn ti jó yíká bí ẹni fi iná ràn án, òdòdó já dànù, ilẹ̀ inú àpò wá hó funfun lójú. Mọ́kànlẹ̀ẹ̀kànlá ló kú, mo sunkún. Mo da ilẹ̀ yẹn nù, mi ò tún un lò.

Ti odò, gbogbo wa la mọ bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa wúrà lókè odò, ní 2022 ìjọba kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ohun téèyàn ò lè mu, èmi ò ní bu sí ewé tí mo máa já sínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ará Ọ̀nà Ìbókun

Omi wà nínú ilé tẹ́ ẹ ń dà nù. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì, omi tẹ́ ẹ fi rẹ ẹ̀wà, omi tẹ́ ẹ fi fọ ẹ̀fọ́, èyí tẹ́ ẹ fi fọ ẹja (tẹ́ ò tíì fi iyọ̀ sí), ẹ gbe bókẹ́ẹ̀tì kan sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì kí gbogbo wọn máa lọ síbẹ̀, kó tó dalẹ́ ẹ ó rí bíi lítà mẹ́wàá. Ẹ lò ó lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kó sùn, á rùn. Omi ọṣẹ ìfọṣọ, pàápàá tí bílíìṣì bá wà nínú ẹ̀, ẹ fi ṣan ilé ìtọ̀.

Nígbà òjò, ẹ gé páìpù tó ti fọ́ sí méjì ní gígùn, ẹ so ó mọ́ etí páànù, kó máa ro sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àtijọ́ bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù náà kí ẹ fi rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ dè é pinpin, torí ẹ̀fọn á yé ẹyin sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibà tó máa tibẹ̀ jáde á gbówó ju ẹ̀fọ́ lọ.

Fún ata àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ike omi tí wọ́n ti mu tán ni mò ń lò. Mo máa fi abẹ́rẹ́ lu ihò méjì sí ìdérí ẹ̀, mo gé ìdí ẹ̀ kúrò, mo dojú ẹ̀ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, mo bu omi kún un láàárọ̀. Kán, kán, kán ló máa ń lọ, gbòǹgbò nìkan ló ń mu ún, oòrùn ò rí i fà. Tí omi inú ẹ̀ bá tán láàárín wákàtí kan, ìhò náà ti fẹ̀ jù, ẹ pààrọ̀ ìdérí.

Ìyá Ewédú

Ẹ ṣeun o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá bá àsìkò rìn, kẹ́ẹ̀gì ọ̀fẹ́ ò ní ràn án lọ́wọ́. Ọmọ mi, gbọ́ bí ọdún ṣe ń lọ fún mi ní Òṣogbo níbí.

Ìsìnyí tí a wà ní oṣù kẹta, náílọ̀n omi ẹ yẹn ni kó o kọ́kọ́ fà yọ. Gé orí ẹ̀, lu ihò mẹ́rin sí ìdí ẹ̀, rọ ilẹ̀ sí i, to wọ́n sínú páálí lábẹ́ ibòji, irúgbìn ata méjì méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà tí wọ́n bá ti ní ewé mẹ́fà, òjò á ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó o wá fi abẹ bẹ́ náílọ̀n yẹn, kó o gbé e sínú ike ọ̀dà pẹ̀lú ilẹ̀ ara ẹ̀, kò ní mọ̀ pé òun kúrò níbìkan. Má jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tàn ẹ́ o. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan gbàmù kó tún lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi máa ń dúró kó rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó fọ́n ewédú sílẹ̀ gbalasa.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, ìgbà ẹ̀fọ́ nìyẹn. Tẹ̀tẹ̀ á tó fà tu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewédú ń lọ sí bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún mẹ́fà. Má fọ́n gbogbo àpò ẹ lọ́jọ́ kan náà. Fọ́n méjì lónìí, méjì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, méjì lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ ò ní dá láàárín. Ohun tí wàá bá jà nígbà náà ni omi tó pọ̀ jù. Gbé àpò sórí bíríkì kí ìdí ẹ̀ má rẹ sínú omi, kó o sì tẹ́ koríko gbígbẹ sórí ilẹ̀ torí ẹrẹ̀ tí òjò ń ta sí ewé lára ló ń jẹ́ kó jẹrà.

Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń lọ lọ́wọ́, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kó o tú ilẹ̀ inú àpò, fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti pé kún un, kó o sì gbin tòmátì sínú náílọ̀n. Gbogbo èèyàn ló ń gbin tòmátì lóṣù kẹrin tí òjò á sì bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tó o bá gbin tìẹ ní ìparí oṣù kẹjọ, tó o gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì ní bí ìparí oṣù kẹsàn-án, á máa pọ́n nígbà tí òjò ti lọ. Ilá ìkẹyìn náà, má jẹ́ kó kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá ni ìgbà tí àpò dáa ju oko lọ, torí o lè gbé e. Tí ọyẹ́ bá ti dé, gbé gbogbo wọn sún mọ́ra wọn, kí ewé wọn fara kanra, fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí aṣọ àtijọ́ ta ibòji lé wọn lórí fún ọ̀sán, kó o sì bomi rin wọ́n ní kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ nìkan ni mò ń gbìn nígbà yẹn, pẹ̀lú ewúro tí mo fi igi ẹ̀ gún. Mẹ́rin péré nínú àpò mi ni mo ń gbìn, torí omi mi ò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ò sì fẹ́ kí mẹ́wàá máa rọ níwájú mi.

Ọmọ Òròkí

Màmá ẹ kú làákàyè. Kí n fi ti kòkòrò kún un: ewé dóńgóyárò, ẹ gún ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́. Tí òjò bá ti rọ̀ ẹ tún un ṣe. Eérú náà dáa fún èyí tó ń jẹ ewé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, tí eérú bá pọ̀ jù nínú àpò ilẹ̀ ẹ̀ á bàjẹ́. Ti ewúrẹ́ ẹ ò sọ, mo sì mọ̀ pé ewúrẹ́ wà ní Òkè Baálẹ̀ dáadáa.

Télọ̀ Òkè Baálẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, mo padà dé. Oṣù kẹfà la wà yìí, mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìgbẹ́ adìẹ yẹn gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méje kí irin tó tutù. Mo ka ení dé ẹ̀wá bí màmá ṣe wí, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún àárọ̀ mo jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ojú àpò ti tutù minimini, mo pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá mi ò ra tẹ̀tẹ̀ mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì la sì ti se ewédú inú ẹ̀. Ata mọ́kànlélógún ló hù nínú náílọ̀n, ike ọ̀dà mẹ́rin ni mo ní, mo pín mẹ́tàdínlógún fún àwọn ará ilé wa, lándílọ́ọ̀dù náà gba mẹ́ta.

Ewúrẹ́ wá lóòótọ́. Ó jẹ ṣọkọ àpò kan tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ti fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àti igi pákó yí gbogbo ẹ̀ ká. Irúgbìn ṣọkọ mi ti wá tán, èyí tí mo rà ní ọjà lẹ́yìn náà ò hù. Ṣé mo lè rí tòótọ́ rà níbì kan?

Tíṣà Àgíríìkì

Ẹ kú oríire! Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ ní kó yà sí NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìdí-Ìṣin, iṣẹ́ èso àti ẹ̀fọ́ ni ìjọba dá wọn sílẹ̀ fún láti 1975.

Ìyá Ewédú

Kó tó dìgbà yẹn, mo ní ṣọkọ tí mo fi gbó sórí igi nílé, mo ti gbọn ọ́n sínú agolo mílíìkì. Wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin, màá wà nídìí àtẹ mi ní Ọjà Ọba. Mú náílọ̀n omi bíi ogún dání fún mi.